Ìfàsẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Ọnà Èdè àti Àròkọ Aṣàpèjúwe ní Àríwá Èkìtì

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì pé kí ni àfiwé tààrà, ó ṣeé ṣe kó ti dáhùn kí a tó pa ẹnu dé: kí á fi ohun kan wé òmíràn, kí ọ̀rọ̀ bíi "bí" tàbí "jọ" wà láàárín wọn. Bí a bá ní kó fún wa ní àpẹẹrẹ, yóò ní Adé ga bí ìrókò. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó kọ ìpínrọ̀ kan péré láti fi ṣàpèjúwe ọjà ìlú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, yóò kọ ọ́ pé ọjà náà tóbi, pé èrò pọ̀ níbẹ̀, pé ó dùn ún wò, yóò sì gbé kálàmù sílẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tó kọ. Kò sì sí ọjà kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ìpínrọ̀ yẹn kì í ṣe àìgbọ́n ọmọ, kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́ olùkọ́. Ètò ẹ̀kọ́ wa ló ti fi orúkọ ọnà èdè rọ́pò ọnà èdè fúnra rẹ̀. A ń kọ́ ọmọ láti dá àfiwé mọ̀ nínú gbólóhùn ẹlòmíràn. A kò kọ́ ọ láti wo nǹkan fínnífínní títí àfiwé tirẹ̀ yóò fi bọ́ sí i lẹ́nu. Ìfàsẹ́yìn yìí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì gba Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kọjá.

Ká tó sọ ohun tó ń sọnù, ó yẹ ká mọ ohun tí a ní. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń fi ìró gbé òye yọ ló ń gbé ẹrù àpèjúwe jù. Aṣọ lè pupa, ṣùgbọ́n èyí tó pupa yòò kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó pupa rúsúrúsú: ọ̀kan ń tàn, èkejì ti rí oòrùn àti eruku. Òru a máa dúdú kirikiri, awọ ara arẹwà a máa dúdú mìnìjọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀kan lò fún èkejì. Ohùn orí ọ̀rọ̀ pàápàá ń ṣàpèjúwe. Ohun tó rí róbótó kéré, ọwọ́ kan lè ká a. Ohun tó rí ròbòtò tóbi, ó sì wúwo. Ohùn òkè ló sọ ti àkọ́kọ́ di kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ ló sọ ti ìkejì di ńlá. Ọmọ tí kò bá ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́, tó jẹ́ "púpọ̀", "gan-an" àti "dáadáa" nìkan ló ní, ti pàdánù irinṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọnà tí ìwé ń tò: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àsọrégèé, awítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà. Ọdún 1984 ṣe pàtàkì nínú ìtàn àwọn orúkọ yìí. Ọdún náà ni ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá jáde, ọdún náà sì ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ribiribi ni méjèèjì. Ìwé èdè-ìperí náà jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá ní yunifásítì àti ní ilé ẹ̀kọ́ girama láìyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn ń sọ orúkọ ohun tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu onífá, onírárà àti oníjàlá. Ohun náà ló kọ́kọ́ wà kí orúkọ tó dé. Nínú kíláàsì òde òní, orúkọ ló kọ́kọ́ ń dé, ó sì pọ̀ nígbà tí ohun náà kì í dé rárá.

Báwo wá ni ohun náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tẹ́lẹ̀? Àlọ́ àpamọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Àgbà tó bá sọ pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kanlẹ̀ ó sì kan ọ̀run, tó wá dákẹ́ kí ọmọ sọ pé òjò ni, kò túmọ̀ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ fún ọmọ náà. Ó mú un ṣe é. Ọmọ ní láti kó gbogbo ohun tó bá ń ga, tó bá tín-ín-rín, tó bá ń ti òkè kan ilẹ̀ jọ lọ́kàn, kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì mú èyí tó bá a mu. Bó bá gbà á tán, tirẹ̀ ló kàn láti pa fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ pé ohun tí a kò bá wò dáadáa kò ṣeé fi wé nǹkan kan, àti pé àfiwé tí gbogbo ayé ti mọ̀ kì í ṣe àlọ́ mọ́.

Nǹkan tó tẹ̀ lé àlọ́ ni oríkì, tó ń kọ́ ọmọ pé a lè fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán ènìyàn, ìdílé àti ìlú. Nílẹ̀ Èkìtì, a tún ní alámọ̀, ewì tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló ni ín jù, àti àpíìrì, orin tí wọ́n ń fi agbè gbè. Ẹni tó ń sun alámọ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí níbi òkú àgbà kò lè máa há ọ̀rọ̀ àná sórí nìkan. Ojú agbo ló ń wò: ẹni tó wọlé, aṣọ tó wọ̀, bó ṣe ń rìn, ilé tó ti wá. Lójú ẹsẹ̀ ló ń sọ ohun tó rí di ewì, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ni adájọ́ rẹ̀. Bí àfiwé rẹ̀ bá ṣe wẹ́kú, wọ́n á hó. Bí kò bá ṣe wẹ́kú, wọ́n á dákẹ́. Kò sí olùkọ́ àròkọ tó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tó yá kánkán jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì ti fún wa ní àpẹẹrẹ mìíràn nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní ọnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions), Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ nílùú náà, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá lè máa fi ọwọ́ Yorùbá ṣe iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. George Bándélé, ọmọ Aréógun, àgbà agbẹ́gilére ará Òsì-Ìlọrin, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ kún èyí tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀, tó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ọdún méje péré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá wà títí dòní lára ilẹ̀kùn àti ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ààfin àti nínú mùsíọ́ọ̀mù.

Ìlànà ìkọ́ṣẹ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba ni wọ́n lò: ọmọṣẹ́ á wo ọwọ́ ọ̀gá, á mú igi, á gé e, á ṣì í gé, ọ̀gá á tún un ṣe, yóò tún mú igi mìíràn. Orúkọ ibi tí irin ti gba ara igi kọjá á yé e nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ há orúkọ gbogbo irinṣẹ́ àti ìtumọ̀ wọn sórí fún ọdún mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan àáké, Ọ̀yẹ́ kò ní mú Fákẹ́yẹ jáde. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe fún ọmọ wa nínú ẹ̀kọ́ èdè, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé kò sí ère níbẹ̀.

Ilé ìwé ti wà ní àríwá Èkìtì tipẹ́, iṣẹ́ tó ṣe kò kéré. Ìkọ̀lé ni wọ́n bí J. F. Adé Àjàyí sí ní 1929. Ilé ìwé St. Paul's nílùú náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kó tó kọjá sí Adó-Èkìtì. Nígbà tó di onímọ̀ ìtàn, ọ̀kan nínú ohun tó kọ, ní 1960, ni bí Yorùbá ṣe di èdè kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wọn ṣiṣẹ́. Ìgbà èwe rẹ̀ náà ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ilé ìwé, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ní 1938. Ìran akẹ́kọ̀ọ́ tó kà á kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àsọrégèé fún wọn. Wọ́n ti bá Àgbákò, iwin inú ìwé náà, pàdé, wọ́n ti ka ojú mẹ́rìndínlógún tó yí i lórí ká, wọ́n sì ti gbọ́ bí òǹkọ̀wé náà ṣe ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí iwin náà fi dúró níwájú ẹni. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá má fojú kan ìwé láyé.

Síbẹ̀, kò yẹ ká sọ àtijọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ilé ìwé kan náà tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà Aláwìíyé ló ń nà án tàbí tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá sọ èdè abínibí lójú ọgbà. Ọ̀pọ̀ àròkọ tí wọ́n ń kọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ti kọ sójú pátákó ni wọ́n ń dà kọ. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1960 ló mọ àpèjúwe ń ṣe àsọrégèé. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé nígbà náà, ohun tí ilé ìwé kò kọ́ ọmọ, àgbàlá ilé, oko àti ojú agbo ń kọ́ ọ. Ilé ìwé lè ṣe àṣìṣe kí ilé tún un ṣe. Ní báyìí, ilé ti ń retí ilé ìwé, ilé ìwé sì ń retí ilé.

Ìlànà ìjọba náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí kò dúró sójú kan. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ní 1977 gba ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀: èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èdè Nàìjíríà kan di dandan títí dé kíláàsì àgbà. Lẹ́yìn náà ni ìpadàsẹ́yìn dé. Kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun ti 2011 yọ èdè Nàìjíríà kúrò lára iṣẹ́ tó pọn dandan ní kíláàsì àgbà. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Mínísítà Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìlànà kò kan ọ̀rọ̀ àròkọ. Ó kàn án. Iṣẹ́ tí ọmọ lè sá fún ni olórí ilé ìwé ń fún ní àkókò tó kù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí oorun ti ń kun ọmọ. Àkókò kúkúrú náà ni olùkọ́ fi ń dá gírámà, àṣà, lítíréṣọ̀ àti àròkọ pọ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àròkọ ló ń gba wàhálà jù, nítorí pé ìwé kọ̀ọ̀kan ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ kà, kó sì fi bíírò tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kú. Ẹni tó ní kíláàsì mẹ́ta tó kún fọ́fọ́ yóò yan ohun tó ṣeé fi àmì "rárá" àti "bẹ́ẹ̀ ni" sí. Orúkọ ọnà èdè ló rọrùn jù lọ fún irú èyí: gbólóhùn kan, orúkọ mẹ́rin, yan ọ̀kan. Ìdánwò JAMB kò sì ní àròkọ nínú rárá. A dé D ni gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. WAEC ṣì ní àròkọ nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti fi ọdún méjì yan A dé D kò lè ti ibẹ̀ di òǹkọ̀wé lọ́sẹ̀ ìdánwò.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti Èkìtì gan-an, ìyẹn ni ti ẹ̀ka-èdè. Ohun tí ọmọ ń pè ní ulé nílé, ilé ni ìwé ń pè é. Usu tó bá ìyá rẹ̀ wà lóko di iṣu lójú pátákó. Yorùbá àjùmọ̀lò wúlò, a kò sì lè máa kọ ìwé ní àádọ́ta ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpèjúwe. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gbé àwòrán jù lọ, orúkọ koríko, orúkọ oríṣi iṣu, ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà fi ń júwe bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀ tàbí bí ọyẹ́ ṣe ń bó ètè, inú ẹ̀ka-èdè ni wọ́n wà. Nígbà tí olùkọ́ bá fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ wọn, ọmọ yóò gbà pé ohun tí òun mọ̀ kò yẹ ní kíkọ. Yóò wá lọ sí ibi tí kò léwu: ọjà tóbi, èrò pọ̀, ó dùn ún wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìrókò tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ènìyàn wé ìrókò ti dúró nídìí ìrókò, ó ti gbé ojú sókè títí ọrùn fi ro ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ gbólóhùn náà lónìí kò tíì rí ìrókò rí, nítorí pákó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di. Àfiwé náà ti kú, òkú rẹ̀ ni a ń gbé kiri nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ohun tí ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó ń rí lójoojúmọ́ ń bẹ níbẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó fi wé nǹkan kan: òpó tó gbé ẹ̀rọ fóònù dúró lórí òkè, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ní ẹnubodè Yunifásítì Àpapọ̀ tó dé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti 2011, èrò tó ń dúró de dókítà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, òkìtì iṣu lẹ́bàá títì nígbà iṣu tuntun.

Àwọn kan yóò sọ pé ìdárò àgbà lásán lèyí, pé ìran kọ̀ọ̀kan ló ń rò pé èdè ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ òun. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò ṣaláìní ọnà èdè. Àwọn ló fún wa ní "jápa", tí gbogbo Nàìjíríà fi ń pe ìsáfún ìlú ẹni. Wọ́n ń fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà lórí WhatsApp pẹ̀lú àfiwé tó mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí ń gbè wá lẹ́yìn ni, kò lòdì sí wa. Bí ọmọ bá lè dá àfiwé tuntun sílẹ̀ lójú títì, tó sì di odi lójú ìwé, kíláàsì ló pàdánù rẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mú ọgbọ́n ojú títì náà wọlé, kó sì kọ́ ọ láti ní sùúrù, kó lè gbé ju ẹ̀fẹ̀ lọ.

Ohun tí a lè ṣe kò nílò owó ńlá. Kí ẹ̀kọ́ àròkọ aṣàpèjúwe kúrò nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: kí ọmọ jókòó síwájú ohun kan fún ìdá mẹ́ta wákàtí, kó kọ ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí imú gbóòórùn, kó tó kọ ohun tó rò. Kí olùkọ́ fòfin de "tóbi", "púpọ̀" àti "ó dùn ún wò" nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kó lè di dandan fún ọmọ láti wá ọ̀rọ̀ fìrógbóyeyọ tó bá ohun náà mu. Kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè ilé. Ìgbà tí àwòrán bá ti pé ni kí a tó tún àkọtọ́ ṣe sí ti àjùmọ̀lò. Kí pípa àlọ́ tuntun di iṣẹ́ kíláàsì: ọmọ tó bá pa àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nípa fóònù, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà á, ti kọ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ju ẹni tó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ. Kí ilé ìwé pe àwọn ìyá tó ṣì mọ alámọ̀ wá, kì í ṣe láti ṣeré fún àlejò ní ọjọ́ àṣà, bí kò ṣe láti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn kí wọ́n tó kì í. Nígbà tí àfiwé bá ti ti ẹnu ọmọ jáde, kí olùkọ́ wá sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Orúkọ náà kò ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan ẹni tó ń ṣètò ìdánwò. Olùkọ́ kò ní kọ́ ohun tí a kò ní bi ọmọ. Bí ìwé ìdánwò bá ṣì ń fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó dá orúkọ ọnà mọ̀, tí kò sì fún un ní nǹkan kan nítorí pé ó dá ọnà tirẹ̀, gbogbo ìmọ̀ràn òkè yìí yóò wà nínú ìwé ni. Kí àwọn tó ń ṣe òdiwọ̀n máàkì fi àyè sílẹ̀ kedere fún àfiwé tí ọmọ fúnra rẹ̀ rí, kí wọ́n sì yọ máàkì kúrò lára "ó ga bí ìrókò".

A máa ń yangàn pé orí ìwé ni Èkìtì fi ń rìn, a sì ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ lè kà tí kò lè kọ, ààbọ̀ ìwé ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ẹ má dúró de Àbújá kó tún ìlànà yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀kùn kíláàsì yín ló wà lọ́wọ́ yín: ẹ ṣí i, kí ẹ mú àwọn ọmọ náà jáde, kí wọ́n lọ wo ìlú wọn.